Ta Ló Gbé Pẹ́pẹ́yẹ Adágún Lọ?

Pẹ́pẹ́yẹ náà ga ju ọkùnrin lọ, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya lọ. Kò lè rìn, kò lè fò, kò ní ìyẹ́ kan ṣoṣo lára, torí pé ike ni. Ọkọ̀ ojú omi ni, èyí tí èèyàn mẹ́rin máa ń jókòó sínú rẹ̀ tí wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ wà á bíi kẹ̀kẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ní àyè rẹ̀ mọ́. Ṣéènì tí wọ́n fi ń so ó mọ́ òpó wà nílẹ̀, àgádágodo rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọn ò já a, wọn ò fọ́ ọ, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké yòókù ń fì síwá fì sẹ́yìn lórí omi bí ọmọ tí ìyá wọn jáde nílé tí kò dágbére.

"Olè náà ti wà nílẹ̀," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ó ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Atukọ̀ lọ́wọ́ kí Màmá Fínnífínní tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. "Ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Òun ló ń tọ́jú gbogbo ọkọ̀ ibí yìí. Máníjà tún sọ fún mi pé ó máa ń bá a sọ̀rọ̀."

"Ó ń bá ta sọ̀rọ̀?"

"Pẹ́pẹ́yẹ, Màdáámù."

Màmá Fínnífínní yíjú sí Atukọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà tóbi lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá àgbà. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Màdáámù. Tí mo bá ń fọ̀ ọ́ ni. Ẹ má bínú, kì í dá mi lóhùn."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Màmá Fínnífínní. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì kan níbì kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Wọ́n ní ó wo èékánná olè adìẹ kan títí, títí, tí olè náà fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun jẹ̀bi, kí obìnrin yìí yé wo òun.

Ó wo ibi tó wà báyìí. Odò kékeré kan ló ń ṣàn kọjá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ jọ gbọọrọ, wọ́n fi sé e, omi bá gbára jọ sẹ́yìn rẹ̀, ó di adágún tí àwọn èèyàn ń wá wẹ̀, tí wọ́n ń wá fi ìwọ̀ pẹja, tí wọ́n ń wá gun pẹ́pẹ́yẹ. Níwájú ìsédò yẹn, nísàlẹ̀ pátápátá, ilé mélòó kan wà. Ilé Atukọ̀ ló ṣíwájú. Tó o bá dúró lórí ìsédò, o lè ka ìṣó tó wà lórí páànù ilé ẹ̀.

"Lọ́sàn-án òní ni àwọn tó ni adágún ń bọ̀ pẹ̀lú àlejò," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Máníjà ní kí n tètè gbé olè yìí lọ kí wọ́n má bàa rí i. Ó ní wọ́n máa lé Atukọ̀ àti ìyàwó ẹ̀ kúrò nílé yẹn lónìí náà."

Ojú Atukọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Màdáámù, ọmọ méjì ni mo ní. Tí mo bá lọ ẹ̀wọ̀n, ibo ni wọ́n máa gbé?"

"A ò tíì dé ẹ̀wọ̀n," ni Màmá Fínnífínní wí. "Géètì la ṣì wà."

*

Sájẹ́ǹtì ti rí ẹ̀rí kan ní géètì, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó bí ọmọ tuntun. Ọ̀dà yẹ́lò wà lára òpó. "Àwọ̀ pẹ́pẹ́yẹ nìyí, Màdáámù. Ibí ni wọ́n gbé e gbà."

Màmá Fínnífínní fi èékánná ha ọ̀dà náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bọ́ ìborùn ọrùn rẹ̀, ó fi wọn ẹnu géètì láti òpó dé òpó. Ó wá padà sí etí omi, ó fi ìborùn kan náà wọn ibi tí ìdí pẹ́pẹ́yẹ ti tẹ ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìborùn ò ká a.

"Sájẹ́ǹtì, báwo ni ìdí tó fẹ̀ báyìí ṣe gba ẹnu ọ̀nà tó há báyẹn?"

"Bóyá wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ gbé e."

"Ọrùn ńkọ́?"

Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ sókè kó dà bí ọrùn, ó dàbùú, ó gbìyànjú láti gba géètì kọjá. Fìlà rẹ̀ há.

Atukọ̀ wúkọ́. "Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, odi ni wọ́n wó kó tó wọlé. Èmi ni mo tún bíríkì ẹ̀ tò padà. Ọ̀dà yẹn, èmi náà ni. Àmì tí wọ́n fi ń júwe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ń kùn lánàá, ọwọ́ mi ló kan òpó."

"Kí ló dé tó ò sọ fún Sájẹ́ǹtì?"

"Wọ́n ní tí mo bá la ẹnu mi, àwọn máa bá mi pa á dé."

Sájẹ́ǹtì ń wá fìlà rẹ̀.

"Odi ò wó, géètì ò gbà á," ni Màmá Fínnífínní wí. "Pẹ́pẹ́yẹ kò jáde. Ó ṣì wà níbí."

Sájẹ́ǹtì wo ẹ̀yìn igi. Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó yọjú wò ó, ó tún pa á dé.

*

Wọ́n wọ inú yàrá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Àwọn ẹ̀wù ìléfòó wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀wù tó nípọn tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Gbogbo wọn so rọ̀ sára ìṣó, wọ́n dorí kodò bí àdán.

"Ta ló so wọ́n báyìí?"

"Èmi ni," ni Atukọ̀ dáhùn. "Omi máa ń gbára jọ sí ọrùn wọn. Téèyàn bá so ó lóòró, ó máa rùn bí ìbọ̀sẹ̀..." Ó wo bàtà Sájẹ́ǹtì, ó gbé ìyókù mì.

"Àti èyí?"

Ẹyọ kan wà ní igun. Ìyẹn ò dorí kodò. Wọ́n fi ọrùn rẹ̀ kọ́ ìṣó jẹ́jẹ́, bí kóòtù inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹni ńlá.

Atukọ̀ gbójú sókè. "Èmi kọ́ nìyẹn o."

Màmá Fínnífínní fún ọrùn ẹ̀wù náà. Omi ta jáde, ó dà sí Sájẹ́ǹtì lẹ́sẹ̀. Ó wo bẹ́líìtì rẹ̀. Wọ́n ti fà á jáde títí dé ìpẹ̀kun. Ó wọ̀ ọ́ fún Atukọ̀ lórí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àyè tó kù nínú rẹ̀ gba Atukọ̀ mìíràn àti ọmọ kan. Ó wọ̀ ọ́ fún Sájẹ́ǹtì, tí ikùn rẹ̀ máa ń débi iṣẹ́ ṣáájú òun fúnra ẹ̀. Ó ṣì fẹ̀.

Màmá Fínnífínní dá ẹ̀wù náà padà sára ìṣó. Ó jáde gba ẹ̀yìn. Àpò yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n tò pamọ́ de òjò ńlá.

"Ṣé bó ṣe máa ń wà nìyí?"

Atukọ̀ ya ẹnu. "Rárá. Lánàá ó ga dé èjìká mi. Ta ló máa ń jí yẹ̀pẹ̀?"

"Ẹni tó fẹ́ kí nǹkan wúwo," ni Màmá Fínnífínní wí.

*

Máníjà sanra, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó dìde kí wọn, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì nà gan-an bí igi ìgbálẹ̀.

"Orúnkún," ló ṣàlàyé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. "Ẹ jókòó. Ẹ ò tíì gbé ọkùnrin yẹn lọ?"

"A máa gbé èèyàn lọ. Mélòó ni kọ́kọ́rọ́ ṣéènì yẹn?"

"Méjì. Ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀, ìkejì rèé lára ìṣó. Kì í kúrò níbẹ̀."

"Ṣé ẹ máa ń gun pẹ́pẹ́yẹ náà?"

Máníjà rẹ́rìn-ín. "Èmi? Ẹ bi gbogbo ayé. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò wọ omi tó ju ti korobá lọ. Mi ò lè lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù omi ń bà mí dé ibi pé mo máa ń di nǹkan mú tí mo bá ń wẹ̀."

Òótọ́ ni, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Òun nìkan ni máníjà adágún tó ń gba ọ̀nà jíjìn wá síbi iṣẹ́ kó má bàa rí omi.

Màmá Fínnífínní wo ìsàlẹ̀ tábìlì. "Ẹ wọ kóòtù, ẹ de táì, ẹ wá wọ sílípáàsì."

"Bàtà mi wà níta. Mo fọ̀ ọ́."

"Lọ́jọ́ tí ẹ ní àlejò?"

"Ẹ gbọ́, Màdáámù, ẹni tó jí nǹkan ń gbé lábẹ́ ìsédò. Ẹ lọ yẹ ilé ẹ̀ wò."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Bíró já bọ́ lọ́wọ́ Máníjà. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un, torí orúnkún. "Rárá, rárá. Ẹ máa lọ. Èmi kì í lọ sísàlẹ̀ yẹn."

"Títí láé ni, àbí lónìí nìkan?"

Máníjà fi sílípáàsì ti bíró náà sábẹ́ tábìlì.

*

Ìyàwó Atukọ̀ ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé. Nígbà tó rí ọkọ rẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó sì dúró.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ ṣe tí wọ́n fi dè yín bí ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni?"

"Wọ́n ní mo jí pẹ́pẹ́yẹ."

"Pẹ́pẹ́yẹ wo? Èyí ńlá yẹn?" Ó yíjú sí Sájẹ́ǹtì. "Ọ̀gá, ẹ wọlé, ẹ wá wo yàrá wa. Tí ọkọ mi bá na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ti wà nínú kíṣìnì. Níbo ló fẹ́ gbé e sí, àbí kó dé e bíi fìlà?"

Sájẹ́ǹtì tẹ fìlà tirẹ̀ mọ́rí.

Màmá Fínnífínní ò rẹ́rìn-ín. Okùn aṣọ ló ń wò. Yunifọ́ọ̀mù kékeré méjì wà níbẹ̀, wọ́n ní láti jẹ́ funfun, àmọ́ wọ́n rí bí ìkòkò amọ̀. "Kí ló ṣe aṣọ àwọn ọmọ?"

"Omi yẹn ni." Obìnrin náà nawọ́ sí ẹ̀yìn kíṣìnì. Omi kan ń sun jáde láti ẹsẹ̀ ìsédò níbẹ̀, ó ń ṣàn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń sun. Mo ti ń dúpẹ́ pé a rí omi ọ̀fẹ́. Ó mọ́ gaara. Àfi lánàá tó ṣàdédé di ẹrẹ̀, tó ń tú jáde bí ẹni ń bínú, ó bá aṣọ àwọn ọmọ jẹ́. Máníjà ń gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ yìí kọjá, mo pè é pé kó wá wò ó. Ó wò ó, ojú ẹ̀ yí, ó ní òun ti gbọ́."

"Lónìí ńkọ́?"

"Mo jí láàárọ̀, ó ti rọlẹ̀. Ó sì tún ti mọ́."

Màmá Fínnífínní bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ó fi ẹsẹ̀ lásán gun ara ìsédò, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá àbẹ́rẹ́. Ihò òkété wà níbí, òmíràn wà lọ́hùn-ún. Ó padà sọ̀ kalẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, omi tó bá gba inú yẹ̀pẹ̀ jáde tó mọ́, ó kàn ń kọjá ni. Èyí tó bá gbé ẹrẹ̀ dání, inú ìsédò ló ń kó jáde. Ihò ń bẹ nínú rẹ̀, ihò náà ń fẹ̀ sí i. Òkété ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, omi ló ń parí ẹ̀. Lánàá ó ń tú jáde. Mọ́júmọ́ òní, ó rọlẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì?"

Sájẹ́ǹtì ronú débi tí ìwájú orí rẹ̀ fi kó jọ. "Pẹ́pẹ́yẹ sọnù."

"Ẹ wò ó," ni ìyàwó Atukọ̀ wí.

Òwú pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wọ inú omi náà. Bí wọ́n ti ń wò ó, ó di okùn. Omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga sí i.

Màmá Fínnífínní rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Ìbejì, kó àwọn ọmọ. Kan gbogbo ilẹ̀kùn tó wà nísàlẹ̀ yìí. Sọ fún wọn pé wọ́n ń pín bisikíìtì lórí òkè, kí wọ́n sáré. Wọ́n máa ń sáré ju ìgbà tó o bá sọ òótọ́ fún wọn lọ." Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ. "Atukọ̀, kí ni wọ́n fi ń tú omi adágún yìí sílẹ̀?"

"Páìpù ńlá kan wà, Màdáámù, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún jáde sínú odò àtijọ́. Kẹ̀kẹ́ irin tó wà lókè ló ń ṣí i. Àmọ́ ó ní ọwọ́ irin kan tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ kó tó lè yí. Mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀, ọwọ́ náà ò sí níbẹ̀."

"Sájẹ́ǹtì, lọ mú Máníjà wá. Tó bá ní orúnkún, gbé e pọ̀n."

*

Sájẹ́ǹtì ò pọ̀n ọ́n, ó kàn tì í bọ̀ ni. Bí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, Màmá Fínnífínní ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń bó ọsàn. Ó gbé àpótí ìjókòó síwájú ara rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Máníjà. Ìbéèrè díẹ̀ ni mo ní. Ẹ fara balẹ̀."

"A ò lè sọ ọ́ lókè?"

"Ibí tura. Ọdún wo lẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí?"

Máníjà jókòó, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà síwájú. Ó dá a lóhùn. Màmá Fínnífínní ní kí ló ń ṣe ṣáájú ìyẹn. Ó dáhùn. Ó ní ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, ṣé ẹni náà ṣì wà láyé, ṣé ara rẹ̀ yá. Èèpo ọsàn ń gùn sí i, kò já. Omi ti kan sílípáàsì Máníjà, ó pupa bí omi osùn.

Sájẹ́ǹtì ń wo Màmá Fínnífínní. Atukọ̀ ń wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Máníjà nìkan ni ojú rẹ̀ ń lọ sára òkìtì yẹ̀pẹ̀ yẹn, tó ń bọ̀, tó tún ń lọ.

"Kí lẹ ń wò?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Òógùn ń bọ̀ lára yín. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ lásán ni. Àwọn ọmọ méjì ń sùn lábẹ́ ẹ̀ láti ọjọ́ yìí, wọn ò làágùn. Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè. Àwọ̀ wo lẹ fẹ́ràn?"

"Màdáámù, ẹ jẹ́ ká kúrò níbí."

"Kí ló dé?"

Yẹ̀pẹ̀ bíi ẹ̀kúnwọ́ kan já lára ìsédò, ó bọ́ sínú omi, póó. Máníjà fẹ́ dìde. Màmá Fínnífínní fi ọwọ́ tó mú ọsàn tẹ̀ ẹ́ padà.

"Kí ló dé, Máníjà?"

"Ó máa já," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Pẹ́pẹ́yẹ ò dí i dáadáa. Ó máa já."

"Mo mọ̀. Ẹ ti rí ibi tí omi ti ń pòyì létí ìsédò, tó ń fà wọlé. Iṣẹ́ yín ni láti dí ihò òkété, ẹ ò dí i. Tí àwọn tó ni ibí bá dé tí wọ́n rí i, iṣẹ́ yín ti lọ. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ara ìṣó ṣí ṣéènì, ẹ kó àpò yẹ̀pẹ̀ kún inú pẹ́pẹ́yẹ, ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó torí ẹ ò lè lúwẹ̀ẹ́, ẹ wà á dé ibẹ̀, ẹ yọ ìdérí ìdí ẹ̀, ó sì jókòó lórí ihò náà, ẹ̀wù yẹn wá gbé yín léfòó dé etí omi. Ẹ wá so ẹ̀wù náà bí èèyàn ṣe ń so kóòtù. Ẹ fẹ́ kí ọkùnrin yìí lọ ẹ̀wọ̀n nítorí ohun tí ẹ fi dí ihò, kí ìyàwó ẹ̀ sì sùn síwájú ihò náà lálẹ́ òní. Ọwọ́ irin tí ẹ gbé pamọ́ kí omi má bàa fà, kí pẹ́pẹ́yẹ má bàa yọ, dà?"

Máníjà dìde. Ó tú bẹ́líìtì. Sájẹ́ǹtì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Máníjà ki ọwọ́ sínú ṣòkòtò, ó fa irin gígùn kan jáde láti ibi itan dé ibi ojúgun, okùn táì àtijọ́ ló fi dè é mọ́ ẹsẹ̀. Orúnkún rẹ̀ sì yá lójú ẹsẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, tú Atukọ̀ sílẹ̀."

Kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ há díẹ̀. Ó tún há. Nígbà tó ṣí, Atukọ̀ já irin gbà, ó gun ìsédò bí ẹni tí wọ́n ta ní ọfà. Gbogbo wọn sá tẹ̀lé e lọ sókè, Máníjà ló ṣáájú Sájẹ́ǹtì.

Kẹ̀kẹ́ irin náà kọ́kọ́ kọ̀. Atukọ̀ fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Sájẹ́ǹtì gbé ikùn rẹ̀ lé e, ikùn náà wá wúlò. Kẹ̀kẹ́ han, ó yí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún, páìpù bú ramúramù, omi sì ya jáde, ó gba odò àtijọ́ lọ, ó jìnnà sí ilé.

Gbogbo wọn kọjú sísàlẹ̀. Wọ́n ń wo páànù ilé Atukọ̀.

*

Ó di ìrọ̀lẹ́, omi ẹ̀yìn kíṣìnì rọ, ó di òwú, ó dúró. Adágún ti fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ ń dán yanran. Àwọn tó ni ibẹ̀ dúró létí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò tí wọ́n kó wá wo nǹkan ẹlẹ́wà. Àwọn ará ìsàlẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń béèrè bisikíìtì wọn.

Lẹ́bàá ìsédò, nǹkan yẹ́lò kan yọ lójú omi. Orí ni. Ẹnu pupa yọ tẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe kùn ún látilẹ̀, koríko omi wà lórí rẹ̀ bíi fìlà ìgbéyàwó. Ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì kọjú sí Máníjà gan-an. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń yọ sí i, láìyára, títí ọrùn rẹ̀ fi jáde. Máníjà yíjú kúrò. Sájẹ́ǹtì kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó kù díẹ̀ kó má pàdé.

Atukọ̀ wọnú ẹrẹ̀ lọ, ó gbọ́wọ́ lé ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ké sí i láti etí òkè, ìbejì dì mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. "Bàbá Ìbejì, ṣé ó dá yín lóhùn lónìí?"

Atukọ̀ wẹ̀yìn wo ibi tí wọ́n ti ń ki Máníjà sínú mọ́tò ọlọ́pàá.

"Ó dáhùn."

"Tóò, ẹ bá mi bi í ohun tó ń bọ́ ẹrẹ̀ kúrò lára yunifọ́ọ̀mù."